Bàálù Àtijọ́ àti Ẹ́ńjìnnì Tí A Bí Mọ́ Ọn

Ẹni tí ó bá wọ tákísí Micra ní Sángo, tí ó ń lọ sí Agbowó, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn ni yóò gba Samóńdà kọjá, níbi tí wọ́n ń pe àdúgbò kan ní Aerodrome títí di òní olónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti ọgbà ti gba ibi tí bàálù ń bà sí láyé ìgbà kan, tí pápá bàálù Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, sì ti ṣí lọ sí Alákíà. Bàálù lọ, orúkọ kù. Orúkọ náà ni ó mú mi ronú kan àwọn bàálù kékeré ayé àtijọ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì kú: wọ́n ṣì ń fò nílẹ̀ òkèèrè, irú ẹ́ńjìnnì tí a fi ṣe wọ́n láti ilẹ̀ sì wà ní imú wọn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan yẹ̀ wò, Piper J-3 Cub ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1938 sí 1947 ni wọ́n ṣe é, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Irin ni egungun rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀, ènìyàn méjì péré ni ó ń gbé, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì Continental A-65 tí ó wọ́pọ̀ jù lára wọn ní silíńdà mẹ́rin àti agbára ẹṣin 65, kì í sì í mu omi: afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, gẹ́gẹ́ bí ti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ń wà káàkiri Bódìjà àti Ring Road nígbà kan rí.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pààrọ̀ písítìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ǹjẹ́ a tún lè pè é ní ti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ wo ẹ̀kú egúngún. Àwọn ọmọ ilé a máa rán aṣọ tuntun mọ́ ọn, èyí tí ó gbó a sì máa já bọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé egúngún bàbá wọn kọ́ nìyẹn. Bákan náà ni bàálù àtijọ́: aṣọ ara rẹ̀ a gbó, wọn a da òmíràn bò ó; písítìnì a jẹ, wọn a pààrọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ń sọ wákàtí tí ó ti fò, ohun tí wọ́n tún ṣe, àti ọwọ́ ẹni tí ó tún un ṣe. Bàálù tí ìwé rẹ̀ sọnù dà bí ọmọ tí kò mọ oríkì ilé rẹ̀.

Ìtọ́jú Cub yìí kò fẹ́ ìkánjú. Láàárọ̀, kí ẹni tí ó ni ín tó gòkè, yóò fi ife dígí gba epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì wò ó bóyá omi wà ní ìdí rẹ̀, nítorí omi wúwo ju epo lọ, díẹ̀ rẹ̀ sì tó láti pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀run, níbi tí kò sí ẹ̀bá ọ̀nà tí a lè yà sí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti inú ìdérí táǹkì, kọ́ọ̀kì tí ń léfòó ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀: bí epo ti ń lọ sílẹ̀ ni wáyà ń rì, òun ni awakọ̀ fi ń mọ iye epo tí ó kù. Kò sí bátìrì, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí yóò gbé e dìde. Wọn a fi igi há táyà, wọn a sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kí ó tó jí. Màgínẹ́tò méjì ni ó ń fún un ní iná, pulọ́ọ̀gì méjì sì wà fún silíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó gbéra, awakọ̀ yóò pa màgínẹ́tò kan, yóò fetí sí ohùn ẹ́ńjìnnì, yóò tan án padà, yóò sì dán èkejì wò. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ tọ́jú irú rẹ̀ ní Ìbàdàn wa yìí, ojú ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ bá jà. Oòrùn ń jẹ aṣọ. Eruku ọyẹ́ ń wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń há a nínú. Èyí tí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ní àsìkò òjò, nígbà tí ooru ṣì ń mú wa, yìnyín lè dì sínú kabúrétọ̀, nítorí pé bí epo ti ń di oru ni inú rẹ̀ ń tutù, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ń dì, títí èémí ẹ́ńjìnnì yóò fi há. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe ohun kan tí awakọ̀ ń fà láti fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ránṣẹ́ sí i. Ìjókòó lásán náà léwu: ẹ́ńjìnnì tí a kò lò fún oṣù púpọ̀ ń dípẹtà láti inú wá.

Òfin náà kò sùn. Àmì 5N ni bàálù aráàlú ń gbé nílẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tí ó níwèé àṣẹ ni ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, irú àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ bàálù ìlú Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ń kọ́. Pátì tókunbọ̀ tí a ń ná ní Agodi Gate, tí a ń fi ojú lásán wọ̀n, kò ní àyè níhìn-ín: pátì tí kò ní ìwé, bí ó tilẹ̀ ń dán bí wúrà, kì í wọ bàálù.

Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ní Old Warden, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọgbà Shuttleworth Collection, bàálù Blériot XI kan wà tí wọ́n ṣe ní 1909, ẹ́ńjìnnì Anzani oní silíńdà mẹ́ta ni ó sì ń gbé e. Wọn kì í fipá mú un. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá parọ́rọ́ ni wọ́n ń mú un jáde, tí yóò fò díẹ̀ lórí koríko, tí wọn yóò sì dá a padà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.

Gbogbo wa kọ́ ni yóò ní bàálù. Ṣùgbọ́n Ìjàpá bàbá ń bẹ nínú ọgbà ilé mìíràn ní Bódìjà, jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ ń bẹ ní Dùgbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àgbà ń bẹ ní Challenge. Ẹ̀yin tí ẹ ni wọ́n, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ epo sí i, ẹ kọ ohun tí ẹ tún ṣe àti orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe. Ojú tí ń wò àti ọwọ́ tí ń kọ ni ó gbé ẹ̀rọ 1909 dé òní.