Hollókő

Hollókő jẹ́ abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nógrád, ní àríwá orílẹ̀-èdè Húngárì. Ó wà láàárín àwọn òkè Cserhát, ní nǹkan bí 90 kìlómítà sí àríwá-ìlà-oòrùn Budapest, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 500. Palóc ni wọ́n, ìyẹn àwùjọ kan láàárín àwọn ará Húngárì tí wọ́n ní ẹ̀ka-èdè, aṣọ àti iṣẹ́ ọnà tiwọn. Ní ọdún 1987, àjọ UNESCO fi abúlé náà sínú àkójọ Ogún Àgbáyé. Ọdún yìí kan náà ni apá kan Budapest wọ inú àkójọ ọ̀hún, àwọn méjèèjì sì ni àkọ́kọ́ láti Húngárì.

Kì í ṣe pé àwọn ilé tó wà níbẹ̀ gbó ju ti ibòmíràn lọ ni abúlé yìí ṣe lókìkí. Ẹ̀yìn ọdún 1909 ni wọ́n tún ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́. Ohun tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́lé.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀ méjì ló di orúkọ yìí: holló, tó túmọ̀ sí ẹyẹ ìwò, àti kő, tó túmọ̀ sí òkúta. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé olówó ilé olódi kan jí obìnrin arẹwà kan gbé, ó sì tì í mọ́lé. Alágbàtọ́ obìnrin náà jẹ́ àjẹ́, ó sì bá èṣù dá májẹ̀mú. Àwọn ọmọ èṣù wá para dà di ẹyẹ ìwò, wọ́n ń kó òkúta ilé náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí obìnrin náà fi bọ́. Orí àpáta ni wọ́n kó àwọn òkúta náà sí, ibẹ̀ sì ni ilé olódi Hollókő wà títí di òní.

Ilé olódi

Ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n kọ́ ilé olódi náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Mongol ti ba Húngárì jẹ́ ní ọdún 1241 sí 1242. Ìdílé Kacsics ló ni ín ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbè lẹ́yìn Máté Csák, ìjòyè alágbára tó dojú ìjà kọ ọba Károly Róbert, ọba gba ilé náà lọ́wọ́ wọn, ó sì fi í fún Tamás Szécsényi. Àwọn ọmọ ogun Ottoman gbà á ní ọdún 1552. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ wọn ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Húngárì, títí di ọdún 1683. Lẹ́yìn ogun wọ̀nyí, àwọn ènìyàn kó kúrò lórí òkè, wọ́n sì tẹ abúlé òní dó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Abúlé Àtijọ́

Ẹ̀gbẹ́ òpópónà kan ṣoṣo ni àwọn ìran àkọ́kọ́ kọ́lé sí. Bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà, ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, lórí ilẹ̀ tóóró ti ìdílé, ni wọ́n ń kọ́ tiwọn sí. Wọn kì í kọ́ àká mọ́ ilé. Etí oko ni àká máa ń wà, gẹ́gẹ́ bí àṣà Palóc.

Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé, iná sì máa ń jó abúlé náà léraléra. Ní ọdún 1782, àṣẹ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi igi kọ́lé mọ́ nítorí iná. Àwọn ará Hollókő kò ka àṣẹ náà sí. Iná ńlá tó kẹ́yìn jó wọn ní ọdún 1909. Nígbà tí wọ́n tún ilé kọ́, ìlànà àwọn baba wọn náà ni wọ́n tẹ̀ lé: ìpìlẹ̀ òkúta, ògiri onígi tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì kùn ní ẹfun, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó igi lábẹ́ òrùlé tó yọ síta. Ká ní wọ́n gbọ́ràn ní ọdún 1782 ni, bóyá kò sí ohun tí UNESCO ì bá wá tọ́jú níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì

Ibi tí ojú ọ̀nà ti pín sí méjì ni ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì abúlé náà wà. Ọdún 1889 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó kéré, ògiri rẹ̀ funfun, ilé agogo rẹ̀ tí a fi igi ṣe sì ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí láàárín àwọn òrùlé.

Ìtọ́jú àti ìgbésí ayé òní

Òfin kò gba onílé láyè láti yí ìrísí ilé rẹ̀ padà bó ṣe wù ú. Èyí dáàbò bo ilé, ṣùgbọ́n kò dá ènìyàn dúró síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ará abúlé ń gbé ní apá tuntun, tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé ìhunṣọ àti ilé àlejò. Nígbà ọdún Àjíǹde, abúlé a kún fún àlejò. Àwọn obìnrin a wọ aṣọ Palóc, àwọn ọkùnrin a sì máa da omi sí wọn lára ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ Húngárì. Abúlé tó ń gbé ìgbé ayé ni UNESCO kọ sínú àkójọ rẹ̀, pẹ̀lú oko, ọgbà èso àti ọgbà àjàrà rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé bá dúró tí kò sì sí ẹni tí ń dáná nínú rẹ̀, ìdajì ogún náà ti lọ.