Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Yọ Irin Inú Eyín Yín, Ẹ Dúró Gbọ́ Ná!

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ẹlẹ́gbẹ̀kà, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí dókítà eyín ti fi irin dí ihò eyín rẹ̀. Kò dùn ún, ó ń fi í jẹ ẹran. Àfi bí wọ́n ṣe sọ fún un lọ́jà pé májèlé ni, kó sáré lọ yọ ọ́, kó fi funfun rọ́pò. Kí ni kó ṣe?

Ọ̀rọ̀ májèlé yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Mákúrì kó bí ìdajì nínú irin ọ̀hún. Fàdákà, tánganran àti bàbà wà nínú ìyókù. Nítorí mákúrì ni ayé ṣe ṣe àdéhùn Minamata l'ọ́dún 2013, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́ l'ọ́dún 2018. L'ọ́dún 2022, wọ́n ní kí wọ́n má fi í sí eyín ọmọ tí kò tó ọdún 15, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn mọ́, àfi tí dókítà bá rí i pé ó di dandan. L'ọ́dún 2025, wọ́n fẹnu kò pé kó kásẹ̀ nílẹ̀ tó bá fi máa di 2034.

Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà l'ẹ́nu, tó ṣì le koko, ẹ má yọ ọ́ lásán. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ gan-an ni èéfín mákúrì ń jáde, eyín tó dáa náà á sì bá a lọ. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ l'ọ́dún 2020 nìyẹn. Tó bá ti sán, tó ń mì, tàbí tí eyín ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni kó kúrò. Kí dókítà máa wọ́n omi sí i bó ti ń gbẹ́ ẹ, kí ẹ̀rọ sì máa fa ìdọ̀tí rẹ̀ jáde.

Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ funfun. Há ni wọ́n ń há irin mọ́ inú ihò. Lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ funfun. Ẹ wo fọgànáísà: ó á kọ́kọ́ ha túúbù kó rí ṣákaṣàka, kó tó fi sọlúṣọ̀n sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Buonocore, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé l'ọ́dún 1955 pé ásíìdì lè ha ojú eyín kí nǹkan lè lẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà á fi ásíìdì sí i fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, á ṣan án, á fi gúlúù sí i, á tan iná aláwọ̀ búlúù sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi funfun náà sí i díẹ̀díẹ̀, tí iná á máa mú un le.

Bí omi bá kan túúbù, páàṣì á ṣí. Bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kan eyín, funfun náà á ṣí, eyín á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fi rọ́bà tàbí òwú sé ibẹ̀. Ẹ má ta ko ó.

Torí náà, kí ìyá ẹlẹ́gààrí yìí dé Ọ̀wọ̀, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, kó sì béèrè pé: "Dókítà, ṣé irin yìí ti bàjẹ́ ni?" Tó bá lóyún, kó wí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.