Okùn Tí Ojú Pè Ní Ejò

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹnìkan rí okùn nílẹ̀ ní àṣálẹ́, ó figbe ta pé ejò ni. Kí ló ṣì í lọ́nà? Ó pẹ́ tí àwọn amòye ẹ̀sìn Híńdù ní Íńdíà ti ń jiyàn lé e.

Àwọn ará Nyaya ní ejò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti rí i rí. Prabhakara ní kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tójú rí àti ohun tọ́kàn rántí ni. Shankara ní ejò náà kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe òfo pátápátá. Bó bá ti mọ okùn, ejò pòórá.

Àtùpà ló ń parí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kùmọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí arúgbó lóru tẹ́ ẹ pè é lájẹ̀ẹ́, ẹ tanná wò ó ná. Àwa babaláwo pàápàá, ìbò la fi ń wádìí ká tó sọ̀rọ̀.

Àbọrú, àbọyè.