Sìgá àti Erìgì Tí Kì Í Ṣẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá ń mu sìgá, tí ẹ ń fọ ẹnu láràárọ̀, ìbáà ṣe búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò ni ẹ ń lò, tí ẹ kò sì rí ẹ̀jẹ̀, ẹ lè rò pé ara erìgì yín le. Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí erìgì tó ń ṣàìsàn ń fi hàn. Nikotíìnì inú tábà a máa mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú erìgì fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ibẹ̀ bó ti yẹ. Àìsàn náà yóò wá máa ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn kòkòrò inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín yóò wọ abẹ́ erìgì, egungun tó di eyín mú yóò sì máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí eyín bá ń mì, tí obì àti ẹran kò ṣeé jẹ mọ́, ni olúwarẹ̀ tó mọ̀. Ewu yìí lára ẹni tó ń mu sìgá tó ìlọ́po 2 ti ẹni tí kì í mu ún. Tábà jíjẹ àti aáṣáà tí a ń fi sẹ́nu náà ń ba erìgì jẹ́.

Bí ẹ bá jáwọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín. Ẹ má ṣe torí èyí padà sídìí sìgá: ẹ̀jẹ̀ ti ń dé ibi tó yẹ kó dé ni. Ìtọ́jú erìgì a sì máa jẹ́ dáadáa lára ẹni tó ti jáwọ́, kódà bí ó ti pé ẹni 70 ọdún. Ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ dókítà yín tàbí apòògùn ní Peckham, tàbí kí ẹ pe 0300 123 1044.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi èyí gbọ́. Oògùn tí dókítà bá kọ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní England fún ẹni tó ti pé 60 ọdún, ṣùgbọ́n ìtọ́jú eyín NHS kì í di ọ̀fẹ́ nítorí ọjọ́ orí nìkan. Bí ẹ bá ń gba Pension Credit Guarantee Credit, ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá náà kò bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹnu. Bí egbò tàbí àmì funfun tàbí pupa bá wà lẹ́nu yín ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, bí kò tilẹ̀ dùn yín, ẹ lọ fi han oníṣègùn eyín tàbí dókítà.