Kí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn kékeré .22 mọ̀ kó tó náwó?

Ní Nyohini, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ìlú Tamale ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, ìró ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn jagunjagun ìbílẹ̀ Dagbon tí wọ́n ń pè ní Kambonsi máa ń yìnbọn níbi ìsìnkú àwọn ìjòyè àti nígbà ọdún. Irú ìbọn tí Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà ni. Àmọ́ ìbọn tí àgbẹ̀ fẹ́ fi gba oko lọ́wọ́ ọ̀yà, tàbí èyí tí eléré ìdárayá fẹ́ fi ta àmì, ọ̀tọ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìbọn .22 ti wọ ọ̀rọ̀.

Kí ló mú un yàtọ̀?

Ọta rẹ̀ kéré: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5.6, òjé orí rẹ̀ sì sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.6. Inú etí ìdí àpò idẹ rẹ̀ ni èròjà tó ń tanná ran ẹ̀tù wà, etí yìí sì ni ìbọn máa ń gbá. Idẹ náà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín kó tó lè tẹ̀, nítorí náà kò lè gba ẹ̀tù tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tún kì lẹ́yìn tó bá ti dún. Ìdí nìyí tí ọta náà fi rọjú, tí ìbọn rẹ̀ kì í sì í ta èjìká. Ọdún 1887 ni ilé iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lónìí jáde.

Èwo ló máa ń ba ibi tí a fojú sùn?

Bí owó bá dọ́gba, ìbọn tí a ń fọwọ́ fa irin ìdí rẹ̀ kó tó tún yìn sábà máa ń péye ju èyí tó ń kì ara rẹ̀ lọ. Savage Mark II wà lára àwọn tó rọjú. CZ 457 láti Czech wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dán. Ruger 10/22, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1964, ń kì ara rẹ̀, ó sì yára, àmọ́ ìyára kọ́ ni ìpéye.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kò kà sí ni ọta fúnra rẹ̀. Ìbọn kan náà lè kó ọta ilé iṣẹ́ kan jọ sójú kan, kó sì fọ́n ti òmíràn káàkiri. Ó sàn kí ènìyàn ra páálí kéékèèké oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn, kó ta márùn-ún márùn-ún sí ìwé ní mítà 50. Èyí tí ìyára rẹ̀ kò tó ti ohùn ló sábà máa ń péye jù. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ọta yìí ni wọ́n ń lò ní mítà 50, níbi tí àmì àárín kò ju mìlímítà 10.4 lọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù, kí olùrà wo inú ọ̀pá ìbọn bóyá ó ti dípẹtà, kó sì wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti fọ́ tàbí tẹ̀.

Ewu àti òfin

Kékeré rẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Ọta .22 lè rìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ, ó sì lè ta dànù lórí òkúta tàbí omi. Ní àdúgbò tí agboolé ti fara kan agboolé bíi Nyohini, kò sí ibi tó bójú mu láti dán an wò.

Òfin ohun ìjà Ghana ti ọdún 1972 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ìbọn tàbí ọta láìgba àṣẹ. Ìwé àṣẹ Nàìjíríà, níbi tí òfin ìbọn ọdún 1959 ti ń ṣiṣẹ́, kò gbé ẹnikẹ́ni kọjá ibodè. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja lọ́dún 2006 wà láti dá irú ìrìnnà bẹ́ẹ̀ dúró. Láàárín ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, òfin Ghana tún ti igbó ọdẹ pa. Ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ìyẹn náà sì nílò ìwé àṣẹ.

Nítorí ọta .22 kò ṣeé tún kì, kí olùrà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní àṣẹ bóyá ó ń rí ọta náà tà déédéé, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìbọn.