Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ẹ̀yin ará Ìwàrà, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Owá Obòkun, ẹ rántí àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n mọ ilé oníbàárà, tí wọ́n sì mọ gbèsè ọrùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fi àmì kékeré tí à ń pè ní cookie sínú fóònù wa, kí wọ́n lè dá wa mọ̀ bí a bá padà dé.

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ń gbèjà wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa náà ṣọ́ra: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nínú Settings Chrome tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Privacy and security ni ẹ ó ti pa àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ti yà rẹ́. Site settings ni ẹ ó ti dínà mọ́ cookie àjèjì (Third-party cookies), tí ẹ ó sì gba àṣẹ kámẹ́rà àti ti ibùdó yín padà lọ́wọ́ ojúlé tí kò nílò wọn. Incognito, ojú ewé ìkọ̀kọ̀ Chrome, kò lè fi yín pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín. Fóònù yín nìkan ni Incognito kì í jẹ́ kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ yà.

Ẹyin ni àṣírí; bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.