Àyà Ń Já, Èrò Kò Mọ̀

Láti ìgbà tí ìbò ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2026 ti gbé àwọn aṣòfin àti ìgbìmọ̀ kọ́múùnù wọlé ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí a kì í dárúkọ, èyí tí í bá ẹni tuntun tó bá dìde lórí ìjókòó láti sọ̀rọ̀, láti Ikpinlè títí dé Massè ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè, tí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n rìrì.

Kì í ṣe ojo. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ara tó mọ èyí ló tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ láti orí kíndìnrín, tí àyà fi ń lù kìkì.

Ohun tó ń dá kún ìpayà náà ni èrò pé gbogbo ojú ló rí inú ẹni. Ẹ̀tàn ọkàn gbáà ni. Ní 1998, Thomas Gilovich, Kenneth Savitsky àti Victoria Medvec ní Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní ohun mímu, tí ọ̀kan burú lẹ́nu, wọ́n ní kí wọ́n má fajú ro. Àwọn tó mu ún rò pé òǹwòran yóò mọ ife náà, bẹ́ẹ̀ òǹwòran kò mọ̀ tó bí wọ́n ti rò. Ní 2003, Savitsky àti Gilovich gbé e dé orí ọ̀rọ̀ sísọ: àwọn tí a ti là á yé ṣáájú pé ìgbọ̀nrìrì wọn kò hàn tó bí wọ́n ti ń rò sọ̀rọ̀ dára jù, lójú ara wọn àti lójú olùgbọ́. Awọ fẹ́lẹ́ bonú, kò jẹ́ ká ríkùn aṣebi. Awọ kan náà ló bo àyà ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Àwọn baba wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún àìṣeéfọwọ́kàn ọmọ aráyé ní 2001, Ẹ̀fẹ̀, olórin rẹ̀, a máa sọ̀rọ̀ líle sí ìlú lóru. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan ẹnikẹ́ni lábùkù, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, Òṣòròǹgà, olókìkí òru, yóò júbà àgbà. Lójú tèmi, bí n kò tilẹ̀ ní ìwádìí tí mo lè fi gbè é lẹ́sẹ̀, ìjúbà ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́: ẹnu ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí àyà tó rọlẹ̀, ohùn ti jáde.

Mo sì fura pé èdè Faransé wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa, nítorí àgbà tó ń fi Nàgó parí ìjà láìwẹ̀yìn lè máa wá ọ̀rọ̀ tì bó bá di Faransé. Kí ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ fi èdè ìyá rẹ̀ kí àgbà, kí ó kí ọmọdé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ ti wà lórí rẹ̀; kí ó má sì tọrọ àforíjì nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, torí ìgbà tó bá dárúkọ rẹ̀ ni èrò yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ náà.